Ìdí Tí Àbúrò Yín Kò Fi Dọ̀bálẹ̀

Festac Town, Èkó.
Oṣù Kẹfà, 1979.

Bàbá Clement wa,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo kí ìyá àwọn ọmọ. Ẹ kú òtútù Jọs. Omi ẹ̀rọ wa tún ti lọ, Agboju la ti ń pọn omi. Ẹ̀bùnlọlá ọmọ yín ti wọ iléèwé.

Mo mọ̀ pé ẹ ṣì ń bínú sí ọkọ mi, pé orí ìdúró ni wọ́n ti kí yín lọ́jọ́ Àjíǹde. Kì í ṣe ìgbéraga. Bí wọ́n bá ti dọ̀bálẹ̀, ojú wọn á ṣú, wọn ò ní rí nǹkan kan.

Dókítà ní iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ ti wú, kókó kan nínú orí ló fà á. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, àmọ́ ojú á fọ́ bí wọn ò bá tètè la orí yọ ọ́. Àbúrò yín ní ẹnikẹ́ni ò ní la orí àwọn.

Wọ́n ṣì ń wa bọ́ọ̀sì iléèwé, Ẹ̀bùnlọlá sì ń bá wọn lọ láràárọ̀. Bí mo bá sọ fún ọ̀gá wọn, iṣẹ́ á bọ́. Bí mo bá dákẹ́, ọmọ ọlọ́mọ ńkọ́? Mi ò mọ ibi tí mo lè yà sí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá. Ẹ̀yin nìkan ni wọ́n á gbọ́ tiyín. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ sunkún ọmọ.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, wọ́n ń pariwo lé mi lórí pé mo gbé kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì pa mọ́. Mi ò gbé e pa mọ́. Orí tábìlì ló wà, níwájú wọn.

Ìyàwó yín,
Rosaline