Uṣu Méjì Wà Lúlé

Àbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ fara balẹ̀ níbi tí ẹ wà, nítorí ẹ̀rín ló máa pa yín lónìí. Ọmọ yín ti padà sórí pápá. Sátidé tó kọjá ni mo tún so fèrè yín mọ́ ọrùn, fèrè kan náà tí ẹ máa ń fi omi iyọ̀ fọ̀, tí ẹ ó sì gbé kọ́ sí ìṣó lábẹ́ aago ògiri, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Mo fọn ọ́n, ó dún dáadáa. Ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ kó má dún mọ́ láé, uṣu ló sì fẹ́ fà á. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn.

Ẹ rántí uṣu ọjọ́ bọ́ọ̀lù? Ìyé tó bí mi á ti tètè jí sun méjì, ọ̀kan fún ẹ̀yin tí ẹ ń fọn fèrè, ọ̀kan fún èmi tí mò ń gbé àsíá tẹ̀lé yín létí pápá. Epo pupa á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ ní rẹfirí tí ebi ń pa, ẹni tó bá ní àkàrà lọ́wọ́ ni ọ̀gá rẹ̀. Omi gan-an, láti ilé lẹ ti ń gbé e lọ nínú kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ ewé yẹn. Ọjọ́ tí alága ẹgbẹ́ kan ní Emùré fa ewúrẹ́ wá fún yín, tí ẹ dá a padà, mo sunkún délé, torí mo ti sọ ewúrẹ́ náà lórúkọ. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi bínú sí yín. Ṣé ẹ mọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Bẹ́ẹ̀, nídìí oúnjẹ, ẹ̀yin yìí náà lẹ máa ń yọ káàdì pupa sí ẹni tó bá mú ẹran ṣáájú yín!

Látìgbà tí ẹ ti lọ, Ìyé kò dá uṣu náà dúró. Adó ni mò ń gbé báyìí, tí mo ti ń ṣe tíṣà bíi tiyín, ṣùgbọ́n àárọ̀ ọjọ́ bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ni Ìyé ń tẹ ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ sórí fóònù mi, láìfi àmì kankan sí i: Usu meji wa lule. Ma je ti won o. Bí bọ́ọ̀lù bá tán, màá wọ ọkọ̀ lọ sí Ìkẹ́rẹ́ lọ jẹ uṣu mi. Mo ti bá Ìyé jà títí lórí u yẹn. Mo ní iṣu ni, mo ní ilé ni. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ní kíláàsì, bíró pupa lẹ fi ń fa igi lé ulé tí àwọn ọmọ bá kọ. Ẹ délé tán, ulé ló kù lẹ́nu yín títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ta ni kí á wá gbà gbọ́ nínú yín méjèèjì?

Ọ̀ràn tẹ́tẹ́ ló wá dé bá àwa rẹfirí. Mẹ́ta nínú wa ń ta tẹ́tẹ́ lórí bọ́ọ̀lù tí àwọn fúnra wọn ń fọn fèrè sí. Mo mọ ọ̀kan dáadáa, a ti jọ ṣiṣẹ́. Mo ti rí i tó fúnni ní pẹ́nátì níbi tí ẹsẹ̀ kankan kò ti kan ara wọn, mo sì rò pé oòrùn ló mú un. Nígbà tí wọ́n tú fóònù àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, iṣu ni orúkọ tí wọ́n fún iṣẹ́ ibi náà. Bí wọ́n bá ní iṣu ti jinná, wọ́n ti pinnu ẹni tó máa borí nìyẹn. Ni ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ọ̀ràn náà bá ní kí gbogbo rẹfirí agbègbè wa kó fóònù wá. Tayọ̀tayọ̀ ni mo gbé tèmi sórí tábìlì. Kí ni mo fẹ́ fi pamọ́?

Àbá, uṣu Ìyé ló kún inú fóònù náà bámúbámú.

Ọkùnrin mẹ́ta ló jókòó níwájú mi, kò sí ará Èkìtì kan nínú wọn. Wọ́n ní uṣu méjì ni mo gbà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan, pé ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí n má jẹ ti ẹgbẹ́ kejì. Wọ́n tún ní ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni mo fi u rọ́pò i, kí ojú má bàa tètè já a. Èmi! Bí wọ́n bá dá mi lẹ́bi, mi ò ní fọn fèrè mọ́ láyé mi. Orúkọ yín ńkọ́? Ọmọ rẹfirí tó dá ewúrẹ́ padà ni wọ́n ṣì ń pè mí ní Ìkẹ́rẹ́. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní parọ́ fún yín. Mo ní uṣu tí à ń jẹ lẹ́nu ni. Wọ́n wo ara wọn, torí ohun tí àwọn mẹ́ta ìjọsí náà wí nìyẹn.

Wọ́n bá pe Ìyé lórí fóònù, wọ́n sì gbé ohùn náà síta. Bí Ìyé ṣe gbọ́ pé èèyàn ńlá ni, ohùn tí wọ́n fi ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n gbé wọ̀. Wọ́n ní iṣu ni àwọn sọ fún ọmọ àwọn. Iṣu, Àbá! Ó mọ́ gaara. Ọkùnrin kan kọ ọ́ sílẹ̀ kíá. Mo wúkọ́, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ wúkọ́ mọ́. Alága ìgbìmọ̀ bi Ìyé léèrè ẹni tó kọ́ wọn láti yí i padà sí u nínú fóònù. Díẹ̀díẹ̀ ló wá yé Ìyé pé ẹnìkan ń pe ọmọ àwọn lólè. Ẹ ṣáà mọ aya yín. Ṣọ́ọ̀ṣì sá kúrò lẹ́nu wọn. Uṣu ni, ulé ni, ugi tí wọ́n fi sun ún, ugbá tí wọ́n fi bò ó, uṣẹ́ tí ọmọ wọn ń ṣe, unú tó ń bí wọn. U ń tẹ̀lé u ni! Alága bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nu omi ẹ̀rín. Èmi tí ojú u yẹn ti ń tì látọjọ́ yìí, bíi kí n gbé e jó ni.

Ó kù ẹyọ ìbéèrè kan. Kí ló dé tó fi jẹ́ méjì, nígbà tí ẹnìkan ṣoṣo ló ń jẹ ẹ́? Ìyé ní ọ̀kan ti ọmọ ni, ìkejì ti ọkọ àwọn ni. Alága ní ibo ni ọkọ náà wà. Ìyé ní ó ti kú, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń sun ẹyọ kan. Alága pa ìwé iwájú rẹ̀ dé. Èmi náà kò mọ̀, Àbá. Ìkejì yẹn, mo rò pé ti Ìyé ni.

Lẹ́tà ìdáláre dé, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti wọ Ìyé lára. Wọ́n ní àwọn kò ní tẹ nǹkan kan mọ́, kí àwọn má bàa fi uṣu pa ọmọ àwọn. Láàárọ̀ Sátidé, fóònù dákẹ́ lọ gbári, inú mi kò dùn. Mò ń so okùn bàtà lọ́wọ́ nígbà tó dún. Usu meji wa lule. Ma je ti won o. Mo fẹnu ko fóònù lẹ́nu. Mo lọ fọn pẹ́nátì tó tọ́ lòdì sí ẹgbẹ́ Ìkẹ́rẹ́, nílé ara wọn! Wọ́n bú mi dáadáa. Bàbá arúgbó kan lábẹ́ igi ní bí bàbá mi ṣe máa ń ṣe wọ́n nìyẹn, mo sì ga sí i lójú ara mi.

Mo délé, mo jẹ uṣu mi tán. Ọwọ́ mi bá yọ́ lọ sórí tiyín. Ìyé wò mí, wọ́n dìde, wọ́n ṣí Bíbélì wọn, wọ́n fa káàdì pupa yín yọ níbẹ̀, wọ́n sì nà án sókè lé mi lórí. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú àwa méjèèjì. Mo sì jẹ ẹ́ tán, Àbá. Ó dùn.

Èmi ni, ọmọ yín ọ̀wọ́n tó gba káàdì pupa nítorí uṣu yín.