Orúnkún Ìyàwó Yín Lórí Pákó Minanata

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Láti Sókótó níbí ni mo ti dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, bí ilẹ̀ tilẹ̀ gbóná tí yóò fi dín àyà mi. Ẹ kú àìrí wa, ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ kú àmójútó Bàbá. Mo kí Bàbá lórí àga wọn. Mo kí Bùọ̀dá Lásísì, ẹ̀gbọ́n mi, tí ó máa ń ka lẹ́tà mi sí yín létí. Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibì kankan lónìí. Mo kí gbogbo ìyàwó ilé, àgbà àti èwe. Rìánàtù, ìyàwó mi, ní kí n kí yín. Mo mọ̀ pé ẹ lè má dáhùn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n bá rán ni là ń jẹ́.

Ẹ ó bi mí pé kí ló gbé lẹ́tà ọmọ sí ìyá dé inú ìwé ìròyìn. Ìyá mi, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà síta. Nígbà Iléyá tó kọjá, lójú gbogbo ẹbí, tí ẹran ṣì wà lórí iná, ẹ ní ìyàwó Múfútàú ti di Gàm̀bàrí. Ẹ ní ó lóṣòó kí yín bí ẹni tó fẹ́ ṣa ata nílẹ̀, orúnkún rẹ̀ kò kan ilẹ̀ rárá. Ẹ ní iṣẹ́ ilé fífọ̀ tí ó ń ṣe kiri ilé onílé ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, àti pé bí kò bá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kí ó má ṣe fẹsẹ̀ tẹ àgbàlá yín ní Iléyá tó ń bọ̀. Iléyá ọ̀hún ti sún mọ́lé báyìí. Bí mo bá dá wá, mo ti fi ìyàwó mi sílẹ̀ fún ìtìjú. Bí n kò bá wá, mo ti fi ẹ̀yin sílẹ̀. Òwe kan wà tó bá ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá wí. N kò ní pa á o, torí ọmọ ni mí, ẹ̀yin lẹ ni òwe.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ náà, nítorí bí ẹ ṣe ń sọ ọ́, ó dà bíi pé ó ń gbá ilẹ̀ fún wọn. Ẹ rántí pé ọjà ni mo wá ṣe níbí. Ọjà dákú mọ́ mi lọ́wọ́. Tudun Wada là ń gbé, láàárín èrò àti kẹ̀kẹ́ márúwá, mo sì máa ń jókòó síwájú ilé láti ka iye oníbàárà tí kò wá. Ọyẹ́ ibí kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ ilé wa. Á fi eruku pupa bo ògiri títí ẹ kò fi ní mọ àwọ̀ ọ̀dà tó wà lábẹ́ rẹ̀, bí àkọ́rọ̀ òjò bá sì rọ̀ lé e, ẹrẹ̀ ni yóò gbẹ mọ́ ọn. Kí làwọn onílé ń ṣe? Ọ̀dà tuntun ni wọ́n ń kùn lé e. Èmi náà ń wò ó lójoojúmọ́, n kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Rìánàtù ló sọ pé ilé wọ̀nyí kò fẹ́ ọ̀dà, pé omi ni wọ́n fẹ́.

Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ sì mọ ilé tí ó ti jáde. Bàbá rẹ̀ ni káfíńtà tó kan ilẹ̀kùn yàrá yín, èyí tí ẹ máa ń yìn pé kì í há. Nínú ìyẹ̀fun pákó ló dàgbà sí. Nítorí náà, nígbà tí a ra ẹ̀rọ tó ń fi agbára tu omi, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ògiri àti àgbàlá, ó fi pákó kún un: ilẹ̀kùn tí oòrùn ti jẹ, fèrèsé, ilẹ̀ onípákó tí àwọn olówó ń tẹ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè. Á fọ̀ ọ́, á fi sáńpépà họ ọ́ títí ara igi yóò fi hàn, á wá kùn ún ní fánìṣì. Mo ti rí i tó sọ ilẹ̀kùn tí wọ́n fẹ́ fi dáná di ohun tí àlejò ń dúró wò. Ẹ ó ní ó ti fún mi jẹ. Ó ti fún mi jẹ lóòótọ́, túwó lánàá, ìrẹsì lónìí. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ni mo fi ń yìn ín, ojú mi ni mo sì fi rí ohun tí mo ń yìn.

Ohun kan wà tí ẹ kò mọ̀ nípa ilé àwọn ará ibí. Ọkùnrin àjèjì kì í kọjá yàrá àbáwọlé, tí wọ́n ń pè ní sáúrè. Inú lọ́hùn-ún, ti àwọn obìnrin ni. Bí kì í bá ṣe ti Rìánàtù, ògiri ìta nìkan ni èmi ì bá máa fọ̀ kú. Òun ló ń wọlé pẹ̀lú rọ́bà omi, èmi ni mo ń jókòó ti ẹ̀rọ lẹ́nu ọ̀nà. N kì í rí i, ariwo ẹ̀rọ kì í sì í jẹ́ kí n gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí ó bá fa rọ́bà lẹ́ẹ̀kan, mo tú omi sílẹ̀. Bí ó bá fà á lẹ́ẹ̀mejì, mo pa á. Gbogbo ohun tí mo bá mọ̀ nípa ilé náà kò ju bí rọ́bà ṣe ń mì lọ́wọ́ mi. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn láti Tudun Wada títí dé Kalambaina, a kò sì tíì jà rí lórí rẹ̀. Ẹ bi Bùọ̀dá Lásísì bóyá òun àti ìyàwó rẹ̀ lè fi okùn bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan.

Àyè ń gba wá, ìyá mi. À ń jẹun, à ń san owó ilé, èyí tí a sì ń fi ránṣẹ́ sí yín, inú iṣẹ́ yìí ló ti ń jáde. Oòrùn ni kò mọ ojú ẹni kankan níbí; bí ó bá di ọ̀sán, ajá pàápàá a máa wá abẹ́ ọkọ̀ sá sí. Àárò ilé ń sọ mí. Báyárábè ni wọ́n ń pè mí lọ́jà, ìyẹn ni pé ọmọ Yorùbá, kò sì sí ìwọ̀sí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó máa ń wù mí kí ẹnìkan kàn pe Múfú bí ẹ ṣe ń pè é láti inú yàrá, tí ẹ máa ń fà á gùn bí ẹni tó ti mọ̀ pé mo gbọ́, mo sì dákẹ́. Ìgbà tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, Rìánàtù ló máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí n ó fi rẹ́rìn-ín.

Mo wá dé ibi tí mo ń lọ. Alájì kan ní Minanata, àdúgbò kan níbí, pè wá. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ilé rẹ̀, ìyá rẹ̀ ló ń gbé òkè, arúgbó tí gbogbo ilé ń pè ní Inna. Ọkọ Inna tó ti di olóògbé ló tẹ́ pákó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè náà fún un, kí ó lè máa rí ibi gba atẹ́gùn. Ẹsẹ̀ ìyá náà kò gbé e sọ̀kalẹ̀ mọ́, orí pákó yẹn sì ni gbogbo ayé rẹ̀. Oòrùn ti sọ pákó náà di àwọ̀ eérú, eruku ti wọnú ojú igi. Alájì fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ fọ́kọ, àlejò obìnrin yóò gòkè lọ kí Inna, ó sì ní bí iṣẹ́ wa kò bá dán, kí a má fi orúkọ òun gba iṣẹ́ kankan ní Minanata láé.

Rìánàtù fọ pákó náà, ó họ ọ́, ó kùn ún, ó dúró kí ó gbẹ, ó tún họ ọ́. Fóòmù ló máa ń dì mọ́ orúnkún bó bá ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ tí a ó parí, ó ń kun fánìṣì ìkẹyìn, ó ń fi ẹ̀yìn rìn láti iwájú yàrá Inna títí ó fi dé ẹnu àtẹ̀gùn. Ó kun pákó tó gbẹ̀yìn, ó dìde dúró sórí sìmẹ́ǹtì ẹnu àtẹ̀gùn tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹsẹ̀ lọ, ó tú fóòmù kúrò lórúnkún. Bí ó ṣe ń wo bí ilẹ̀ ṣe ń dán ni ilẹ̀kùn yàrá ṣí lápá kejì, Inna yọjú, ó ní sànnu dà àíkì, ìyẹn ni pé ẹ kú iṣẹ́.

Ìyá mi, obìnrin ibí ì bá lóṣòó kí i. Rìánàtù náà mọ̀ ọ́n ṣe, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń kí wọn lójoojúmọ́. Ká ní ó lóṣòó ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ ì bá wà lórí sìmẹ́ǹtì gbígbẹ, nǹkan kan kì bá ṣe. Ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀. Orúnkún méjèèjì balẹ̀ gbì sórí fánìṣì tútù. Inna ń pariwo tàshí, tàshí, pé kí ó dìde. Nígbà tí yóò fi dìde, ojú orúnkún méjì ti wà lórí pákó, kódà ojú etí ìró rẹ̀ hàn lára fánìṣì.

Èmi jókòó ti ẹ̀rọ mi lẹ́nu ọ̀nà, n kò mọ nǹkan kan. Mo kàn rí Alájì tó jáde wá, ojú rẹ̀ le. Ó ní iṣẹ́ tí a gbé fún yín láti tún ṣe lẹ tún bàjẹ́ yìí, pé kí a họ gbogbo rẹ̀ kúrò, kí a tún un kùn, àlejò sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀lú. Mo ń bẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ni wọ́n pè é padà sókè. Nígbà tó tún sọ̀kalẹ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. Ó ní Inna ní ilẹ̀ òun ni, ọkọ òun ló tẹ́ ẹ fún òun, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ họ nǹkan kan. Inna ní láti ìgbà tí ẹsẹ̀ òun ti kọṣẹ́, ìsàlẹ̀ ni àwọn ọmọ ilé ti ń nahùn kí òun, bí ẹni ń kí aládùúgbò lórí odi. Ó ní ọmọ yìí ti parí iṣẹ́ rẹ̀, kò sí ẹni tó ń wò ó, ó sì mọ̀ pé ilẹ̀ tútù, síbẹ̀ ó bọ̀wọ̀ fún òun. Ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí àwọn àlejò gòkè wá wò ó.

Inna bi Rìánàtù pé ta ló kọ́ ọ. Alájì ló sọ ìdáhùn rẹ̀ fún mi, kò sì mọ ohun tó ń sọ sí mi létí. Ó ní ìyàwó mi dáhùn pé ìyá ọkọ òun ni.

Mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ń ká rọ́bà tí mo ti ká tẹ́lẹ̀.

Nínú kẹ̀kẹ́ márúwá tó gbé wa padà, mo bi í pé kí ló sún un ṣe irú rẹ̀, òun tó mọ fánìṣì ju bó ṣe mọ èmi ọkọ rẹ̀ lọ. Ó ní láti Iléyá yẹn, bí òun bá ti rí obìnrin àgbà lójijì, ohùn yín lòun ń gbọ́.

Ìyá mi, mo fẹ́ sọ ohun tí ó ní kí n má sọ. Lọ́jọ́ Iléyá yẹn, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún wú. Orí sìmẹ́ǹtì àgbàlá ilé kan ni ó ti kúnlẹ̀ ṣiṣẹ́ kí a tó wá, kò tíì mọ ọgbọ́n fóòmù nígbà náà. Ó gbìyànjú kí orúnkún náà kan ilẹ̀ níwájú yín, kò ṣeé ṣe, ló bá dúró sórí ìlóṣòó. Ó bẹ̀ mí pé kí n má là á yé yín, torí bí ẹ bá gbọ́ pé iṣẹ́ ló ṣe orúnkún rẹ̀, ẹ ó tún fi kún ẹ̀sùn iṣẹ́. Ó gba àbùkù yẹn mọ́ra, ó bá wọn fọ abọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ara rẹ̀ ti yá báyìí, ẹ má mikàn. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò gbà kí àṣírí náà máa rà sí mi nínú, kí ìyá tí mo fẹ́ràn sì máa ro ìyàwó tí mo fẹ́ràn ní ibi.

Lẹ́yìn ìgbéyàwó, Alájì mú mi gòkè, àwọn obìnrin ti yẹra. Mo rí i. Orúnkún méjì wà níbẹ̀ lẹ́nu àtẹ̀gùn, wọ́n ń dán. Inna ní kí wọ́n gbé àga òun kọjú sí i. Ó ní kí n kí ìyá tó kọ́ ọmọ náà, mo sì ti ń kí yín báyìí. Arúgbó kan wà ní Minanata tó ń ṣàdúà fún yín láràárọ̀, kò mọ orúkọ yín.

Ìyá mi, àwa méjèèjì là ń bọ̀ wá ṣe Iléyá. Yóò wọlé, yóò sì kúnlẹ̀, mo mọ ẹni tí mo fẹ́. Ohun tí mo ń tọrọ kò pọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́ nílẹ̀. Ẹ tètè ní kí ó dìde.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, kí ẹsẹ̀ yín máa gbé yín, kí ẹ jẹun ọmọ kalẹ́. Ẹ bá mi kí Bàbá, ẹ kí bàbá káfíńtà, àna mi, kí ẹ sọ fún wọn pé ọmọ wọn kò dójú tì wọ́n. Ẹ kí gbogbo ará àdúgbò, ẹni tó bi yín léèrè wa àti ẹni tí kò bi yín.

Èmi ni, ọmọ yín tí ẹ ń fa orúkọ rẹ̀ gùn,
Múfútàú.