Ààrò Tí Mi Ò Fọwọ́ Kàn

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, àkọ́bí mi,

Àlàáfíà Ọlọ́hun kí ó wà pẹ̀lú rẹ, pẹ̀lú ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Mo lérò pé ara yín le, pé ikọ́ tó ń yọ èyí àbúrò lẹ́nu ti lọ pátápátá. Èmi náà wà, mo dúpẹ́. Ó ti rẹ̀ mí, àmọ́ àárẹ̀ kì í ṣe àìsàn.

Nínú lẹ́tà rẹ tó dé kẹ́yìn, o ní kí n sọ ọjọ́ tí báǹkì máa ṣe ètò ìdágbére ìfẹ̀yìntì fún mi, kí o lè tọrọ àyè níbi iṣẹ́. Má tọrọ àyè nítorí ìyẹn. Kò ní sí ètò ìdágbére kankan. Jẹ́ kí n ro ìdí rẹ̀ fún ọ, torí mi ò fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì.

O mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe láti ọdún mẹ́tàlélógún, o sì mọ orúkọ tí wọ́n ń pè mí níbẹ̀, Baba Fọwọ́kàn. Báǹkì wa kì í yá èèyàn lówó kó gba èlé, ẹ̀sìn wa kọ̀ ọ́. Bí ẹnì kan bá nílò ẹ̀rọ, báǹkì á ra ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, yóò di tirẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò tà á fún onítọ̀hún pẹ̀lú èrè tí àwọn méjèèjì jọ mọ̀, onítọ̀hún á sì máa san án díẹ̀díẹ̀. Láàárín rírà àti títà yẹn, bí iná bá jó ẹ̀rọ náà, ti báǹkì ló jó. Wákàtí yẹn nìkan ló ya èrè wa sọ́tọ̀ kúrò lára èlé. Èmi ni wọ́n máa ń rán lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tà á, kí n fọwọ́ lé ọjà náà, kí n sì buwọ́lùwé pé ó ti di tiwa. Mo ti fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìránṣọ, ọkọ̀ akẹ́rù, àti àga dókítà eléyín. Mo fọwọ́ kan ọ̀ọ́dúnrún adìyẹ rí. Mo fi àwàdà béèrè nígbà náà pé ṣé lọ́kọ̀ọ̀kan ni, ọ̀gá wa ìgbà yẹn kò sì mọ àwàdà.

Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, obìnrin kan tó ń ṣe búrẹ́dì ní òpópónà ẹ̀yìn báǹkì wá bá wa fún ààrò onírin ńlá kan. Lọ́jọ́ tó yẹ kí n lọ wò ó, òjò ń rọ̀, orúnkún mi sì ń ta mí burúkú. Ẹni tó ń ta ààrò náà pè mí lórí fóònù, ó ní, "Baba, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Iwájú rẹ̀ gan-an ni mo dúró sí yìí." Mo gbà á gbọ́. Rárá, jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ. Mi ò gbà á gbọ́, ó kàn rẹ̀ mí ni. Mo jókòó sórí àga mi, mo buwọ́lùwé pé mo ti fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ kejì, báǹkì tà á fún obìnrin náà.

Ọkàn mi kò balẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin tí orúnkún fún mi láyè díẹ̀, mo gba ilé búrẹ́dì náà lọ bí ẹni tó kàn fẹ́ kí i. Yàrá tóóró kan ni, ìyẹ̀fun bo gbogbo nǹkan títí dé orí kàlẹ́ńdà. Ààrò wà ní ìpẹ̀kun yàrá. Mi ò tiẹ̀ ronú, ọwọ́ mi mọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo na àtẹ́lẹwọ́, mo fi lé e. Ó jó mi débi pé mo jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun.

Obìnrin náà sáré bu omi tútù lé e. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Baba. Láti oṣù tó kọjá tó ti wà níbí, kò tíì sinmi lọ́jọ́ kan." Mo ní, "Oṣù tó kọjá kẹ̀?" Kò fi nǹkan kan pamọ́. Owó tí òun àti ọkọ rẹ̀ kó jọ ló fi rà á, ó ti ń lò ó kó tó wá bá wa. Owó tí báǹkì san fún ọlọ́jà, ńṣe ni ọlọ́jà kó o padà fún un, ó sì fi ra ìyẹ̀fun. Ó ní, "Baba, ṣé kì í ṣe owó kan náà ni? Ẹ̀yin á rí èrè yín, èmi á rí ìyẹ̀fun. Ta ló wá pàdánù níbẹ̀?"

Mo dìde lórí àpò ìyẹ̀fun, mo dágbére fún un. Lójú ọ̀nà ni mo ti rí èsì ìbéèrè rẹ̀. Kò sí ohun tó lè bàjẹ́ mọ́ báǹkì lọ́wọ́, torí kò fìgbà kan ni ààrò yẹn. Owó la fún un, owó tó jù ú lọ la fẹ́ gbà padà. Èlé ni, wọ́n kàn dé fìlà èrè fún un. Ọwọ́ tèmi yìí ló sì dé e.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi gbé e mọ́ra. Wọ́n ti ń dá owó ẹ̀bùn mi, mo tilẹ̀ gbọ́ pé àga aláwọ ni. Bí wọ́n bá bi mí ohun tó ṣe ọwọ́ mi, mo ní omi gbígbóná ni, irọ́ kejì nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí mo bá kírun tán tí mo tẹ́wọ́ àdúà, ibi tó jó yẹn náà ni mò ń wò. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo wọlé bá ọ̀gá wa, tí èmi fúnra mi kọ́ níṣẹ́, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Ó ní, "Baba, ẹ ò bá ti dákẹ́." Mo ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Àwọn àáfà tó ń ṣọ́ òwò báǹkì jókòó lé e. Wọ́n ní obìnrin náà á dá iye tó gbà padà, láìlé kọ́bọ̀ kan. Èyí tó ti san lé e, kí wọ́n fi ṣe sàráà. Èmi gba ìwé ẹ̀sùn, iṣẹ́ mi sì parí ní ìparí oṣù yìí. Wọn ò mú nínú ẹ̀tọ́ mi. Èyí tó dùn mí jù ni pé wọ́n yan èèyàn méjì kí wọ́n lọ tún gbogbo ohun tí mo ti buwọ́lù wò. Títí di àná, wọ́n ti wo ogójì, wọn ò rí àléébù kankan. Mo mọ̀ pé wọn ò ní rí. Síbẹ̀, wọ́n ń wò, wọn ò sì jẹ̀bi.

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ àti ti ọkọ rẹ. Kó má jẹ́ kí àárẹ̀ tì yín sínú ohun tí ẹ ó máa tijú rẹ̀. Kí àwọn ọmọ rẹ ṣìkẹ́ rẹ bí o ti ń ṣìkẹ́ mi. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Baba Fọwọ́kàn

Àfikún: Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí o bá pè mí lórí fóònù, o máa ń béèrè orúnkún mi, èmi a sì ní ó ti ń san, o sì máa ń gbà á gbọ́. Kò san. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ọmọ mi. Tọrọ àyè náà, kí o wá fọwọ́ kàn án.