Ìlú Etí Odò Tàbí Ìlú Orí Òkè

Yàrá Òkè, Ilé Aláwọ̀ Ewé,
Ẹ̀yìn Ilé-Iṣẹ́ Òwú.
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹwàá.

Àbúrò mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ìyá wa sọ fún mi pé ikọ́ tó ń bá ọ fà á ti lọ, mo sì dúpẹ́. Ara èmi náà le, àfi ẹ̀yìn tó máa ń dùn mí bí mo bá ti dúró ti áyọ́ọ̀nù láti àárọ̀ dalẹ́ ní ilé ìfọṣọ ọsibítù.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní ẹ̀yin méjèèjì fẹ́ lọ sinmi lópin ọ̀sẹ̀, ẹ ò sì mọ èyí tí ẹ ó lọ nínú ìlú etí odò àti ìlú orí òkè, pé èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti irú ìrìn bẹ́ẹ̀ dé ni kí n là yín lọ́yẹ̀. Jọ̀ọ́, má tíì di ẹrù. Kọ́kọ́ gbọ́ tèmi ná.

O mọ̀ pé òru ni ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ òwú, ọ̀sán sì ni tèmi. Bó ṣe ń wọlé láàárọ̀ ni mò ń jáde. Bí mo ṣe ń wọlé nírọ̀lẹ́ ni òun náà ń jáde. Ọjọ́ Ìsinmi tí mo wà nílé, oorun ló ń sùn. Ẹnu ọ̀nà la ti ń kíra, ó parí. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀rù ti ń bà mí. Mo máa ń bi ara mi bóyá ọkọ mi ṣì mọ̀ mí, tàbí ẹ̀wù iṣẹ́ mi nìkan ló mọ̀.

Nígbà tí àwọn ọ̀gá wa wá fún wa láyè lópin ọ̀sẹ̀ kan náà, inú mi dùn dé gongo. Ó ku ká yan ìlú. Báwo la ṣe fẹ́ jíròrò, nígbà tí a kì í jọ jókòó? Bàbá tó ń rán bàtà níwájú ilé wa la sọ di oníṣẹ́. Mo ní kó sọ fún ọkọ mi pé ìlú etí odò ló wù mí, torí atẹ́gùn ibẹ̀. Ọkọ mi ní kó sọ fún mi pé orí òkè ni, torí ibẹ̀ pa rọ́rọ́, pé ariwo ẹ̀rọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òun létí. Báyìí la ṣe ń ránṣẹ́ síra wa, tí bàbá náà sì ń fi iyọ̀ tirẹ̀ sí i. Nígbà tó yá, àánú ọkọ mi ṣe mí. Mo ní kí bàbá sọ fún un pé mo ti gbà, ká lọ sórí òkè. Àṣé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn náà ni ọkọ mi ti ní kó sọ fún mi pé òun ti gbà, etí odò ni ká lọ. Bàbá ju òòlù sílẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ò ní pa mí! Ẹ kàn pààrọ̀ àyè ni, ìjà ò tíì tán! Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ lọ síbi tó bá sún mọ́, kẹ́ ẹ lè tètè rójú ara yín."

Etí odò ló sún mọ́, ibẹ̀ la lọ.

Àbúrò mi, ibẹ̀ dára. Yàrá wa mọ́ tónítóní, fèrèsé rẹ̀ dojú kọ omi, aṣọ ibùsùn sì funfun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó lọ̀ ọ́ kò mọ iṣẹ́. Àmọ́ a ti di oorun wa mọ́ ẹrù. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ojú mi á pa dé, ọkọ mi á lajú sílẹ̀, á máa rìn káàkiri yàrá bí ẹni ń ṣọ́ ẹ̀rọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí mo ti múra, òun á dojú bolẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo fà á dìde, a wọ ọkọ̀ ojú omi. Mo ń sọ gbogbo ohun tó ti wà nínú mi fún un, mo sọ ọ́ títí. Nígbà tí mo máa yíjú, ó ti ń hanrun. Inú bí mi, mo sì sunkún. Atukọ̀ ṣe bí ẹni tí kò rí mi.

Ìdájí ọjọ́ Ìsinmi, mo jí lákòókò tí mo máa ń jí lọ síbi iṣẹ́. Ọkọ mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò tíì sùn. Mo jókòó tì í. Ó wò mí, ó tún mi wò.

Ó ní, "O ti hewú níwájú orí. Ìgbà wo nìyẹn?"

Mo ní ó ti pẹ́. Ó fọwọ́ kàn án, kò sì gbọ́wọ́ kúrò. Ó ní òun kò mọ̀ pé àárò mi ló ń sọ òun láti ọjọ́ yìí wá, òun rò pé ó kàn rẹ òun ni. A jókòó bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi yọ, tí ojú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Mo tẹ́ ibùsùn fún un.

Nítorí náà, mi ò lè sọ èyí tó dára jù fún ọ. Òkè, mi ò débẹ̀. Odò, ìdájí yẹn nìkan ni mo rántí. Ẹ̀yin tí ẹ jọ ń sùn, tí ẹ jọ ń jí, ibi tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ lọ.

Bá mi kí ìyá wa àti ọkọ rẹ. Ọkọ mi ní kí n kí ọ, ó ti jáde lọ síbi iṣẹ́. Ibi tó ti dìde lórí ibùsùn ni mo jókòó sí kọ lẹ́tà yìí, torí ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Ó ti tutù báyìí. Àárò rẹ̀ ń sọ mí, àbúrò mi.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Olóorun.