Ìwé Oyin Tí Télọ̀ Fún Mi

Bàbá mi,

Ẹ kú àárò mi o. Ẹ ní kí n sọ àwọn ìwé tó dáa fún yín. Èyí tó dá lórí ìràwọ̀ dùn, àmọ́ ẹ fo orí kejì, ó le jù. Ti iṣẹ́ káfíńtà, ti Bọ̀ọ̀dá ni, bóyá àga ilé wa á yéé mì. Ṣùgbọ́n èyí tó sọ nípa oyin ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.

Ibi iṣẹ́ fún mi ní ìsinmi díẹ̀, ni mo fi ń ráyè kàwé. Obìnrin télọ̀ kan tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kọjú sí tèmi ní ọsibítù níbí ló fún mi ní ìwé oyin yẹn. Ó ní, "Àbúrò, tètè kà á, ká lè jọ sọ̀rọ̀ rẹ̀." Ọjọ́bọ̀ ni mo parí rẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè láti pè é, nọ́ọ̀sì ti ń tẹ́ aṣọ tuntun sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tó ti ṣófo.

Ẹ má dààmú, ara mi le dáadáa. Irun mi nìkan ni kò sí mọ́, ó kúkú fúyẹ́. Tí ẹ bá kà á tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè kọ̀wé sí mi, kí n lè rẹ́ni bá sọ ọ́.

Ẹ bá mi kí Màmá. Ẹ ní mo ń jẹun.

Ọmọ yín