Pánkéèkì Àárọ̀ Ọdún

Màmí mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àná la ṣe ọdún Ìtúnu Àwẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láìsí yín nílé. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ pé bàbá wa Alhaji jẹun kí wọ́n tó lọ sí yídì, torí mo mọ̀ pé ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ bèèrè nìyẹn. Pánkéèkì mẹ́rin ni wọ́n jẹ, lórí àga wọn, nídìí tábìlì. Láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ, wọn ò jókòó síbẹ̀ mọ́. Kí àwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, inú yàrá ni wọ́n ti ń mu gàárì láràárọ̀. Tí mo bá ní kí wọ́n jáde wá, wọ́n á ní àwọn ń bọ̀, wọn ò sì ní wá.

Àmọ́ ojú mi rí nǹkan kí pánkéèkì yẹn tó wú. Ẹ ó rẹ́rìn-ín. Oṣù méjì gbáko kí àwẹ̀ tó dé, ní gbogbo Sátidé tí mo bá ti Èkó wá, mo ń dán an wò. Mo wo fídíò lórí fóònù títí ojú fi ń ta mí. Mo da békíń páúdà sí i bí ẹni tó ń da iyọ̀ sí ọbẹ̀ tí kò ládùn. Mo lu ẹyin títí apá fi ń ro mí. Pẹlẹbẹ ló ń jáde ṣáá, èyí tí kò bá sì pẹlẹbẹ, á le débi pé ẹ lè fi dí ilẹ̀kùn. Alhaji á gé díẹ̀, wọ́n á jẹ ẹ́ nítorí tèmi, wọ́n á sì padà sí yàrá. Ó ń dùn mí, Màmí. Mo fẹ́ kí wọ́n jókòó, kí ilé yẹn tún rí bó ṣe máa ń rí.

Mo rántí abọ́ tánganran funfun yín tí etí rẹ̀ ti ṣí. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń ká apá bùbá yín sókè, tí ẹ ó máa fi ṣíbí onígi lu nǹkan inú abọ́ náà, tí ẹ ó sì máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bẹ ọmọ kó jẹun. Àkọ́kọ́ tó bá jáde nínú páànù, ẹ kì í gbé e sáwo. Ẹ ó fà á ya, ẹ ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ó fi sẹ́nu ẹni tó bá sún mọ́ yín jù. Èmi ni mo máa ń sún mọ́ yín jù. Lọ́dọọdún ni mo ń dúró níbẹ̀ tí mo ń la ẹnu, mi ò wo ọwọ́ yín rí.

Alhaji ló wá tú àṣírí yín. Nígbà tí ọdún ku ọ̀la, mo dín ọ̀kan wò ní kíṣìnnì, ó tún pẹlẹbẹ, ni mo bá bú sẹ́kún. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, “Ewùrà dà? Ìyá rẹ kì í ṣe é láìsí ewùrà.” Ẹnu yà mí. Wọ́n ní ní ìrọ̀lẹ́ tí àwẹ̀ bá parí, tí ẹ bá ń rin ewùrà ìkọ́kọrẹ́ tí a máa fi ṣínu, ẹ máa ń bu díẹ̀ pamọ́, ẹ ó sì lù ú mọ́ fúláwà àti ẹyin lẹ́yìn ìrun Àsùbáà. Òun ló ń mú un wú. Gbogbo àwa ọmọ rò pé ìkọ́kọrẹ́ ló ni gbogbo ewùrà yẹn. Alhaji nìkan ló mọ̀, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n. Èmi, fídíò ni mo ń bi.

Mo sáré jáde lọ wá ewùrà lọ́jà. Obìnrin kan tó kó tiẹ̀ wá láti Ayépé ló ṣẹ́ kù tí kò tíì palẹ̀ mọ́. Mo délé, mo mú gírétà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rin ín. Kò pẹ́ tí ọwọ́ fi ń yún mi, láti àtẹ́lẹwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Mo ń họ ọ́ lọ, ni mo bá rántí nǹkan kan, gírétà sì bọ́ lọ́wọ́ mi.

Màmí, ṣé ẹ rántí ọdún tó kọjá? Àìsàn ti mú yín rù. Ẹ pè mí lórí fóònù pé kí n tètè dé láàárọ̀ ọdún kí n wá bá yín lu pánkéèkì, pé apá yín ò gbé e mọ́, ẹ ó jókòó, ẹ ó máa sọ bí mo ṣe máa ṣe é fún mi. Mo ní kò burú. Oorun gbé mi lọ. Nígbà tí mo máa dé, mo ti yà ra kéèkì inú páálí, mo gbé e wọlé tayọ̀tayọ̀, pé kí ẹ má ṣe wàhálà kankan. Mo gbọ́n lójú ara mi. Ẹ jẹ ẹ́, ẹ kí mi kú ìnáwó, ẹ sì ń họ ọrùn ọwọ́ yín. Mo bi yín, ẹ ní kò sí nǹkan. Mo rò pé oògùn ọsíbítù ni ara yín kọ̀. Mo lọ ra ìpara wá, mo fi pa á fún yín, inú mi sì ń dùn pé mo ń tọ́jú ìyá mi.

Ẹ ti rin ewùrà yẹn dè mí. Mo bi Alhaji, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ní kí wọ́n má sọ fún mi ni. Apá tí ife omi ń wúwo fún, ẹ fi rin ewùrà! Kí ló dé tí ẹ ò bá mi wí? Ṣé ẹ̀ ń wo bí inú mi ṣe ń dùn ni? Lọ́jọ́ kejì tí mo ń padà sí Èkó, ẹ di òjòjò gbígbóná fún mi. Òjòjò, Màmí, tó jẹ́ pé ewùrà rírin la fi ń dín in. Mo ti jẹ ẹ́ tán kí n tó dé Ṣágámù. Mi ò bi ara mi ibi tó ti wá, mi ò tiẹ̀ pè yín pé ó dùn. Kí Iléyá tó dé, ẹ ti lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí.

Láàárọ̀ àná, mo lù ú sínú abọ́ tánganran yín. Ó wú, ó rọ̀ bíi tìmùtìmù. Mo fa àkọ́kọ́ ya, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́ẹ̀mejì, mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, kò sẹ́nì kankan. Ni Alhaji bá wọlé pẹ̀lú aṣọ ọdún lọ́rùn, wọ́n wá dúró tì mí, wọ́n la ẹnu. Mo fi sí wọn lẹ́nu. Omi bọ́ lójú wọn, wọ́n lọ jókòó sídìí tábìlì, wọ́n ń retí èyí tó kù.

Epo pupa lẹ máa ń fi pa ọwọ́ tí ewùrà bá ń yún. Igo rẹ̀ wà níwájú mi níbi tí mo ti ń kọ ìwé yìí, mi ò tíì ṣí i. Ó ṣì ń yún mi díẹ̀, mi ò sì fẹ́ kó tètè lọ.

Kí Ọlọ́hun kẹ́ yín, kó gẹ̀ yín, Màmí mi.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó pẹ́ kó tó dé.