Agogo Èéfín Tí Mo Gbé Síta

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, àkọ́bí mi obìnrin,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì panápaná ńkọ́, ọ̀gá yín tó máa ń wúkọ́ lẹ́yìn rẹ tí a bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù ńkọ́, ṣé ikọ́ náà ti lọ? Mo bẹ Ọlọ́run kí iná tí ẹ ń pa kiri má jó yín, kí omi tí ẹ fi ń pa á má gbé yín lọ, kí àga tí o jókòó lé níbi iṣẹ́ má yẹ̀ mọ́ ọ nídìí. Àmín. Tí o bá fẹ́ gbọ́ tiwa, a wà, a ò kú, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n wíwà ju wíwà lọ, ọmọ mi, òun ni mo fi jókòó kọ ìwé yìí, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé sọ lórí fóònù. Fóònù ló kó bá wa níjọ́sí.

Kí n kọ́kọ́ sọ ti ilé. Òjò ọdún yìí ń rọ̀ bí ẹni pé ẹnìkan ṣí omi sílẹ̀ lókè tó sì gbàgbé. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ìbejì, àwọn méjèèjì jọ ìyá wọn nínú olè jíjà. Agbẹ́nàgbẹ́nà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ti ra eyín tuntun, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa òun lẹ́rìn-ín mọ́ kí ó má baà já bọ́. Òrùlé ilé ìdáná wa ti wó lápá kan, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀.

Nígbà tí agogo èéfín tí o fi ránṣẹ́ dé, inú mi dùn. Mo gbé e kọ́ sí ògiri pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yàrá tí a ń sùn, bí o ṣe ní kí n ṣe. Ó funfun, ó rí roboto bí ìdérí ìkòkò, ó sì ní ojú kékeré kan tó ń ṣẹ́jú ní àwọ̀ ewé. Bí mo ti rí ojú yẹn ni mo sọ fún ìyá rẹ pé ọ̀rọ̀ ti yé mi, pé ọ́fíìsì panápaná ni ọmọ wa wà, ojú tó fi ń wò wá láti ibẹ̀ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti fi ṣòkòtò péńpé wọ pálọ̀ mọ́. Tí ilẹ̀ bá mọ́, màá wọ ẹ̀wù mi, màá dúró síwájú rẹ̀, màá ní ọmọ mi, ṣé o jí ire, màá sì ròyìn bí oorun ṣe rí. Ìyá rẹ náà, tó bá ra aṣọ tuntun, á gbé e síwájú rẹ̀ kí o lè rí àwọ̀ rẹ̀ dáadáa. Ìgbà tí agbẹ́nàgbẹ́nà wá bá wa fa ọ̀rọ̀ omi àgbàrá, mo ní kó rọra, pé ọmọ mi ń wò wá láti ìlú ńlá, ó sì rọra lóòótọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà lo pè mí láti ṣàlàyé bí a ṣe máa lò ó. Mò ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà kẹ̀kẹ́ kan lọ́wọ́, mo fi èjìká há fóònù mọ́ etí, póòǹpù ń mí fíì, fíì, ìwọ náà ń sọ̀rọ̀. O sọ nípa bọ́tìnnì, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. O sọ nípa bátìrì, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. O wá ní, bàbá, tó bá ké, ẹ jáde síta. Ohun tí o sọ gan-an nìyẹn, mo ti mọ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ohun tí etí mi mú nínú ariwo póòǹpù ni pé, tó bá ké, ẹ gbé e jáde síta. Mo ní ìyẹn ò le. O ní ṣé ó yé yín, bàbá? Mo ní ó yé mi yékéyéké. Ọmọ mi, ká ní mo gbé póòǹpù yẹn sílẹ̀ ni. Táyà kì í sá lọ.

Òjò wá dé. Omi wọ ṣọ́ọ̀bù àǹtí rẹ, àbúrò mi tó jẹ́ télọ̀, ó sì kó ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wá sí pálọ̀ wa pẹ̀lú òkìtì yunifọ́ọ̀mù tó gbọ́dọ̀ parí kí àwọn ọmọ tó wọlé síléèwé. O mọ̀ ọ́n, kì í jẹ́ kí aṣọ kúrò lọ́wọ́ òun láìlọ̀ ọ́, ó ní aṣọ tí a rán tí a ò lọ̀ dà bí ẹni tó wẹ̀ tí kò bọ́jú. Nítorí náà ó gbé áyọ́ọ̀nù èédú rẹ̀ wá. Nígbà tí ilé ìdáná sì ti wó, ìyá rẹ gbé àdògán wọlé, ó fi í sí kọ̀rọ̀ pálọ̀, inú rẹ̀ ni àǹtí rẹ ti ń bu ẹyín iná sínú áyọ́ọ̀nù. A ti fèrèsé, a ti ilẹ̀kùn, kí òjò má baà ta sí aṣọ funfun. Ilé gbóná, ó dùn ún gbé, a tún ń yin ara wa.

Kò pẹ́ tí orí fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ gbogbo wa. Ìyá rẹ ní ibà ni, ó lo oògùn ibà. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé tó bá ti dé ọjà, orí rẹ̀ á fúyẹ́, tó bá padà délé, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo ní èyí kì í ṣe ibà, ìfẹ́ ọjà ni. Èmi náà, tí mo bá ti dé abẹ́ àtíbàbà tí mo ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe níta, ara mi á yá, mo sì ń fi ìyẹn yangàn pé iṣẹ́ ni oògùn mi. Àǹtí rẹ nìkan ni kì í jáde. Ó ní, ẹ̀gbọ́n, orí ń fọ́ mi, inú ń rìn mí. Mo dá a lóhùn pé ojú rẹ̀ ni, kó lọ ra awò ojú.

Ọjọ́ tí òjò pọ̀ jù, ìyá rẹ ti lọ sọ́jà, èmi àti àǹtí rẹ la wà nílé. Bí mo ṣe wọlé láti wá mu omi ni agogo figbe ta. Kì í ṣe igbe kékeré o! Ó ń ké lẹ́ẹ̀mẹrin léra, á sinmi ṣíún, á tún ké lẹ́ẹ̀mẹrin, igbe tó ń gún ènìyàn nínú eyín. Àǹtí rẹ fi ọwọ́ dí etí. Mo ní fọkàn balẹ̀, ọmọ mi ti sọ ohun tí a máa ṣe. Mo yọ ọ́ lára ògiri, mo gbé e lọ sábẹ́ àtíbàbà, mo gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn kẹ̀kẹ́. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó dákẹ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ooru ló ń mú un. Àǹtí rẹ ké sí mi láti inú ilé pé, ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó dáadáa o, bóyá ó ní nǹkan tó ń sọ. Mo dá a lóhùn pé tó bá ní nǹkan í sọ, á sọ ọ́ ní èdè tí ènìyàn ń gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Mo wá padà lọ ti ilẹ̀kùn. Èmi fúnra mi ni mo tì í, ọmọ mi, kí òjò má baà ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Nígbà tó yá mo wọlé mú sípánà. Mo bá a tó gbé orí lé ẹ̀rọ ìránṣọ, ọwọ́ kan sì wà lórí aṣọ. Mo rò pé ó sùn ni. Mo ní ó ti ṣiṣẹ́ jù, ẹ jẹ́ kó sinmi. Mo mú ẹ̀wù òtútù mi, mo fi bò ó léjìká, mo yọ́ ẹsẹ̀ jáde, mo sì rọra pa ilẹ̀kùn dé kí ariwo òòlù mi má baà jí i.

Ìyá rẹ ló gbà á là. Ó ti ọjà dé, òjò ti pa á bí adìẹ, ó wọlé, ó pe àǹtí rẹ, kò dáhùn, ó fi ọwọ́ kàn án, ọrùn rẹ̀ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Igbe tó ké ju ti agogo lọ. Ó ní ilé yìí ń fún òun lọ́rùn, ẹ jẹ́ ká gbé e síta. A wọ́ ọ jáde sínú òjò, orí mi ń fò lọ. Agbẹ́nàgbẹ́nà ló sáré pe ẹni tó ń fi alùpùpù gbé èrò, ìyá rẹ jókòó sẹ́yìn, ó gbé e mọ́ àyà, wọ́n lọ, èmi sì fi kẹ̀kẹ́ oníkẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé wọn lọ sílé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì fi nǹkan kan bo imú rẹ̀, ó fi rọ́bà so ó mọ́ ìgò irin gíga kan. Mo wò ó títí, mi ò rí oògùn kankan tó ń ṣàn. Mo bi í pé ṣé oògùn ti tán ni. Ó ní atẹ́gùn ni. Mo ní atẹ́gùn kẹ̀? Èmi tí mo ti ń fi atẹ́gùn jẹun láti ìgbà èwe mi, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé ó ń wo ènìyàn sàn. Mo ní tí tiwọn bá fẹ́ tán, kí wọ́n jẹ́ kí n sáré lọ gbé póòǹpù mi wá. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fa àga fún mi, ó wá ṣàlàyé pé tí èédú bá ń jó nínú yàrá, afẹ́fẹ́ olóró kan ń ti ara rẹ̀ jáde, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ojú kì í rí i, imú kì í gbọ́ ọ, pé agogo kan, irú èyí tí èmi ń pè ní ti èéfín, ni wọ́n ṣe kó lè bá wa gbọ́ ọ. Ó ní ilé yín ò ní agogo ni? Mo ní ó ní. Ó ní kò ké ni? Mo ní ó ké. Ó ní, kí lẹ wá ṣe, bàbá? Mo ní agogo ni mo gbé síta.

Mo wá bi í nípa tìrẹ. Mo ní ọmọ mi tó ń wò wá láti inú rẹ̀, kí ló dé tí kò pè wá lọ́jọ́ náà? Ó ní ẹ̀rọ náà kò lójú, iná kékeré lásán ni, tó ń fi hàn pé ó wà láàyè. Ó dùn mí lọ́nà méjì. Èkíní, gbogbo òwúrọ̀ tí mo ń kí ọ, o ò gbọ́. Èkejì, mo ti ń bínú sí ọ nínú ọkàn mi. Jọ̀wọ́, má jẹ́ kó dùn ọ́.

Àǹtí rẹ jí, wọ́n sì ti dá a padà wá sílé. Ó ń jẹun, ó ń rìn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́. Ó rán apá ẹ̀wù kan mọ́ ibi ọrùn, nígbà tó rí i, ó tú u, ó tún rán an síbẹ̀. Télọ̀ mìíràn ló parí yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ, kò sì lọ ọ̀kankan. Nígbà mìíràn ó máa ń pè mí ní bàbá, bí ẹni pé èmi ni bàbá wa tó ti kú. Nọ́ọ̀sì ní ó lè padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀, ó sì lè má padà tán. Tí ènìyàn bá bi í pé kí ló ṣe é, á ní òjò ni. Kò dárúkọ mi rí. Ì bá bú mi, ì bá sàn fún mi.

Mo ti dá agogo padà sára ògiri. Èédú kò wọlé wa mọ́, ì báà ṣe fún ìṣẹ́jú kan, nọ́ọ̀sì ní kí a má fi ṣíṣí fèrèsé tan ara wa. Agbẹ́nàgbẹ́nà bá wa ta páànù síta, abẹ́ rẹ̀ ni ìyá rẹ ti ń dáná. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ohùn rẹ̀ ṣì wà, gbogbo wa a sì sá jáde, pẹ̀lú ewúrẹ́. Níjọ́ kan ó ké kín-ín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó dákẹ́ pẹ́, ó tún ké kín-ín. A sá jáde, a dúró síta títí. Ní tèmi, mo rò pé òróró ló ń tọrọ bíi ṣéènì kẹ̀kẹ́, ìyá rẹ ló já agolo òróró gbà lọ́wọ́ mi. Nọ́ọ̀sì ní bátìrì ló ń tọrọ, ṣùgbọ́n kí a má kábàámọ̀ pé a jáde, ó sàn kí a jáde lásán. Wọ́n tún kọ ọdún tó máa kú sí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo gbàdúrà ẹ̀mí gígùn fún un, nọ́ọ̀sì ní àdúrà ò kan ibẹ̀, tí ọdún náà bá pé, kí a ra òmíràn.

Nítorí náà, ọmọ mi, fi bátìrì ránṣẹ́, àti agogo kan sí i fún yàrá tí àǹtí rẹ ń sùn. Bí ọwọ́ rẹ bá sì tó o, bá wa fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún òrùlé ilé ìdáná àti fún ọkọ̀ tí à ń wọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Mi ò ní sọ iye tó jẹ́, ìwọ mọ bí agbára rẹ ṣe mọ. Tí o bá fẹ́ ṣàlàyé ohunkóhun fún mi báyìí, kọ ọ́ sínú ìwé, tàbí kí o pe ìyá rẹ.

Tí o bá sì wá sílé, má ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà kí o máa bi àǹtí rẹ pé ṣé ẹ mọ̀ mí, bí ẹ ti máa ń fi bá àgbà ṣeré. Kúnlẹ̀, kí ó lè rí ojú rẹ dáadáa, kí o kọ́kọ́ dárúkọ ara rẹ, kí o sọ ọmọ ẹni tí o jẹ́, kí o tó kí i. Tó bá ń wá orúkọ ènìyàn tí kò rí i, ó máa ń rẹ́rìn-ín lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà á wá máa bẹ̀bẹ̀. Mi ò fẹ́ kó bẹ̀ ọ́.

Ọlọ́run á ṣọ́ ibi tí o sùn, á ṣọ́ ibi tí o jí. Ohun tí ojú rẹ kò lè rí kò ní pa ọ́. Ìkìlọ̀ kò ní di ariwo lásán létí rẹ, wàá sì rí ẹni tó máa gbé ọ síta lọ́jọ́ tí o kò bá lè dá jáde. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Atúnkẹ̀kẹ́ṣe.